Ta Ló Ni Ahéré Orí Òkè?

Èmi ò bá òyìnbó jà rí o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe agbẹ̀bí ní Manchester, àwọn ọmọ tí mo gbẹ̀bí wọn ti ń wá bímọ sí mi lọ́wọ́ báyìí, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé mo bá òun jà. Ṣùgbọ́n ohun tí Fúnmi ọmọ mi gbé wá sílé lọ́jọ́ Sunday kan ní May 1989, díẹ̀ ló kù kó sọ mí di oníjà.

Ìrẹsì wà lórí iná, bàbá rẹ̀ ń ka ìwé ìròyìn ní pálọ̀, ni Fúnmi bá wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣínì, ó ń fi ìka yí etí aṣọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀.

“Mummy, àwọn òbí Andrew fẹ́ rí ẹ̀yin àti Daddy.”

Andrew ni ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Tíṣà ni àwọn méjèèjì ní ilé ìwé kan ní Stretford. Èmi ò ní ìjà pẹ̀lú Andrew. Ó ń jẹ ata, ó sì ń kí mi dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “ẹ káàárọ̀” ló máa ń kí mi láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Inú mi dùn gan-an. Mo ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ wo ni wọ́n ń bọ̀? Kí n lè fọ kọ́tìnnì.”

“Wọn ò wá síbí, Mummy. Àwa ni wọ́n ní ká wá. Dádì Andrew ní kí gbogbo wa jọ lọ for a walk ní Lake District, bank holiday Monday. Adágún omi kan wà lórí òkè níbẹ̀, ahéré kan sì wà létí adágún náà. Club tí wọ́n fi ń gun òkè ló ni ín. A máa jẹun níbẹ̀ ká tó sọ̀kalẹ̀.”

Mo pa iná ìrẹsì. Mo ní, “Fúnmi, tún un sọ.” Ó tún un sọ.

Háà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ obìnrin, ẹ bá mi dá sí i. Níbo lẹ ti gbọ́ ọ rí? Ta ló ń tọ ta lọ? Àwọn tó fẹ́ gba ọmọ ló ń wọ bàtà wá sílé àwọn tó lọ́mọ. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn, a óò ní ta ni yẹn, kí lẹ bá wá? Wọ́n á ní àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà wa. A óò ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, wọ́n á tún un sọ. Bó ṣe ń rí nìyẹn láti ayébáyé. Kì í ṣe pé kí èmi Juliana Ọlápàdé di ọmọ mi lọ́wọ́ mú, kí n máa gbé e gun òkè lọ bá wọn bí ẹni ń kiri epo. Mo ní mi ò lọ.

“Mummy, don't start, please.” Ojú ọmọ náà ti pọ́n. “Dádì Andrew ti ń múra ẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Kì í mú ẹni tí ò bá fẹ́ràn lọ síbẹ̀. Bó ṣe ń yẹ́ èèyàn sí nìyẹn.”

“Kó wá yẹ́ mi sí nílé wa ní Whalley Range! Ṣé a ò ní àga ni?”

Ni ọkọ mi bá dá sí i láti pálọ̀. Ó ní, “Ìyá Fúnmi, òkè náà ò kúkú ní í jẹ èèyàn.” Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, enjinnía ni ní council, ọ̀rọ̀ kankan kì í gbóná lójú ẹ̀.

Kẹ́ ẹ má rò pé ìgbéraga ló ń dà mí láàmú, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ tó máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ní registry níhìn-ín ni èmi àti Ọlápàdé ti ṣe ìgbéyàwó. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá nígbà yẹn, kò sówó ọkọ̀ òkun, kò sì sẹ́bí kankan nítòsí. Ọlápàdé ṣèlérí pé tá a bá délé, òun á lọ sí Ìdànrè, òun á dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá mi, òun á sì tọrọ mi bó ṣe yẹ. Ogun abẹ́lé dé, iṣẹ́ dé, Fúnmi dé. Bàbá mi kú ká tó délé. Ìyá mi ló sọ fún mi pé títí bàbá fi kú, bí èèyàn bá bi wọ́n pé ta ni Juliana fẹ́ nílùú òyìnbó, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ: “Kò sẹ́ni tó wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, ó ṣì ń dùn mí. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ ni mo ti búra pé ọmọ tèmi, wọ́n á tọrọ ẹ̀. Mi ò sọ ọ́ fún Fúnmi rí. Kì í ṣe irú ọ̀rọ̀ téèyàn ń gbé lé ọmọ lórí.

Ni mo bá gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Àǹtí Ìyániwúrà lọ lẹ́yìn ìsìn. Àwọn ni àgbà jù lọ nínú ìjọ wa, ẹnu wọn sì mú ju abẹ lọ. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n bi mí pé, “Ahéré yẹn, ta ló ń sùn níbẹ̀?”

Mo ní kò sẹ́nì kankan.

“Ta ló sin ìwọ́ ọmọ síbẹ̀?”

Mo ní kò sẹ́nì kankan, mà.

“Àbùṣe bùṣe. Ilé tí ò ní onílé, ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀, tó gbé oúnjẹ fún ẹni tó bá a níbẹ̀, òun ló ni ín. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ dé. Jókòó pẹ̀sẹ̀. Tí wọ́n bá wọlé, kí wọn káàbọ̀, kó o bi wọ́n pé kí ni wọ́n bá wá. Àwọn ló tọ̀ ọ́ wá nìyẹn. Kí ló tún kù?”

Ẹ wo ọgbọ́n àgbà! Mo délé, mo sọ fún Fúnmi pé a máa lọ. Ó fò mọ́ mi lọ́rùn, kò bi mí ní ìdí ẹ̀, èmi náà ò sì sọ. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, mo se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, mo dín adìyẹ, mo se mọ́ínmọ́ín sínú fóìlì, mo dì wọ́n sínú kúlà ńlá aláwọ̀ búlúù wa. Ọkọ mi wo kúlà náà títí. Ó ní, “Ṣé gbogbo Rochdale ló ń bọ̀ ni?” Rochdale ni àwọn òbí Andrew ń gbé. Mo pa ìdérí kúlà dé.

Kùtùkùtù Monday la dé car park tó wà nísàlẹ̀ òkè náà. Àwọn Andrew ti dé ṣáájú wa. Ẹ wá wo ẹni tó fẹ́ di àna mi o: ṣòkòtò péńpé! Bàbá arúgbó, orúnkún méjèèjì pọ́n bíi tòmátì, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní kí n máa pe òun ní Albert. Albert bíi ti báwo? Ẹni tí mo fẹ́ fọ́mọ fún ni mo máa máa pe orúkọ ẹ̀ gbàǹgbà? Mo ní, “Good morning, Bàbá Andrew.” Ó bi Andrew ní ìtumọ̀ ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní orúkọ náà wu òun. Cynthia ìyàwó ẹ̀, obìnrin kékeré onírun funfun, dì mọ́ mi, ó ní Fúnmi ti sọ oríṣiríṣi fún òun nípa mi. Mo wo Fúnmi. Fúnmi gbójú sókè, ó ń wo òfuurufú.

Kò pẹ́ ni Bàbá Andrew na ọwọ́ sí kúlà mi. Ó ní, “Let me take that for you, love.”

Kí ló dé tó fẹ́ gba oúnjẹ mi lọ́wọ́ mi ní kùtù hàì? Ẹni tó bá gbé oúnjẹ wọlé náà ló lè pe ara ẹ̀ ní onílé. Mo ní, “No, thank you.” Mo tú ìborùn mi, mo ká a ní òṣùká, mo gbé e lé orí, mo ní kí ọkọ mi bá mi gbé kúlà rù. Ọmọ Ìdànrè ni mí. Orí òkè làwọn ìyá ìyá mi gbé, àtẹ̀gùn òkúta ni wọ́n ń gbé omi gùn lójoojúmọ́. Bàbá Andrew la ẹnu, kò lè pa á dé. Cynthia bi mí bóyá òun lè ya fọ́tò. Mo ní tá a bá sọ̀kalẹ̀.

Mo wá bi Andrew ní ọ̀nà, bí ẹni tí kò fi ṣe nǹkan kan. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn pé, “Ẹ máa tẹ̀lé odò yìí, Mummy. Inú adágún yẹn ló ti ń ṣàn bọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ilé tí wọ́n fi òkúta kọ́, òun nìyẹn.” Ilé òkúta. Mo ti gbọ́.

A bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Kò sóhun tó dára tó Bàbá Andrew lójú èèyàn tó fẹ́ ṣáájú ẹ̀ dé ibì kan. Ó ń dúró wo gbogbo nǹkan. Ó rí òdòdó, ó dúró. Ó rí ẹyẹ, ó dúró. Ó rí òkúta lásán, ó pe ọkọ mi kó wá wò ó, ọkọ mi náà sì lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó sọ owó nù. Mo ní, “Dádì Fúnmi, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

“Ìyá Fúnmi, kí ló ń lé wa?”

Mo fà á lọ síwájú díẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti wá sọ ìmọ̀ràn Àǹtí Ìyániwúrà fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó lórí òkúta. Ó ń fi ọwọ́ nu ojú. “Nítorí ẹ̀ lo ṣe ru kúlà? Juliana, o ò ní pa mí!” Mo dúró, mi ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú mi, ẹ̀rín náà bá tán lẹ́nu ẹ̀. Ó mọ ohun tó wà nínú mi, kò sì sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n. Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò, ó ní, “Ó ti tó. Máa lọ, mo ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ.”

A fi àwọn yòókù sílẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ ń kí wa, “Morning! Morning!” Bàbá kan ṣí fìlà fún mi. Ọmọ kékeré kan bi ìyá ẹ̀ pé kí ló wà lórí mi, ìyá ẹ̀ ní kó dákẹ́. Mo ń yan lọ ní tèmi. Ṣùgbọ́n irọ́ kò sunwọ̀n: ọmọdé ni mí nígbà tí mo wà ní Ìdànrè, lift ni mo sì ti ń wọ̀ ní hospital láti ìgbà náà. Kò pẹ́ tí àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì. Bàtà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ló wà lẹ́sẹ̀ mi, omi sì ti wọ inú ẹ̀. Ọkọ mi ní ká sinmi. Mo ní ká sinmi tá a bá délé wa.

Ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì la wà nígbà tí kùrukùru bo gbogbo òkè náà. Ọ̀kan ń bá odò lọ, ó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Èkejì mú òkè pọ́n tààrà. Mo mú ti tààrà.

“Ìyá Fúnmi, Andrew ní ká tẹ̀lé odò.”

“Odò yẹn ò mọ ibi tó ń lọ. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé wa bá ni?”

A gùn ún títí. Ìgbà tí mo fẹ́ máa kábàámọ̀, mo rí ògiri òkúta gàgàrà nínú kùrukùru. Mo pariwo, “A ti dé! Àwa la kọ́kọ́ dé!” Mo wọlé. Ọkọ mi wọlé tẹ̀lé mi, ó gbójú sókè.

“Ìyá Fúnmi, ahéré yìí ò mà ní òrùlé.”

“Òyìnbó ló kọ́ ọ. Ohun tó bá wù wọ́n ni wọ́n máa ń kọ́.”

“Kò tún ní ilẹ̀kùn.”

“Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́.”

Mo tẹ́ aṣọ tábìlì sórí òkúta kan, mo to àwo sí i. Mo so ìborùn mi padà, mo jókòó sórí kúlà, mo na ẹ̀yìn tọ́. Ọkọ mi ní adágún náà dà, mo ní kùrukùru ló bò ó. Ó ní kí ló ń rùn, mo ní òkè ni. Kò pẹ́ la gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Ara mi yá gágá. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo gbóhùn sókè: “Ẹ káàbọ̀ o! Ta ni yẹn? Kí lẹ bá wá?”

Àgùntàn kan yọrí sí wa. Ó wò mí, ó wo àwo mi, ó ké “bẹ̀ẹ̀”. Òmíràn wọlé tẹ̀lé e, òmíràn tún wọlé, wọ́n dúró yí wa ká bí ẹni tó bá àlejò nínú ilé ara ẹ̀.

Ọkọ mi ní, “Ó ní òun rí òdòdó kan nínú ọgbà wa.”

Ká ní mo rí nǹkan sọ lù ú ni! Ibi tí mo ti ń lé àgùntàn kúrò nídìí mọ́ínmọ́ín ni mo ti gbọ́ ohùn Fúnmi tó ń pe “Mummy! Daddy!” Òun àti Andrew ló sáré wọlé, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Mummy, a ti wá yín títí! Kí lẹ ń ṣe nínú ọgbà àgùntàn?”

Mo ní, “Bàbá Andrew dà?”

“Wọ́n ti wà ní ahéré tipẹ́. Wọ́n ti dáná, wọ́n ti se tíì. They're worried sick about you.”

Wọ́n ti dé. Wọ́n ti jókòó. Wọ́n ti dáná. Ó parí. Mo jókòó padà sórí kúlà, ni mo bá bú sẹ́kún. Mo sunkún gidi, láàárín àgùntàn, níwájú ọmọ tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi. Fúnmi ò rí ẹkún mi rí láyé ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Mummy, kí ló dé? Ṣé ẹ ṣubú ni?” Ibẹ̀ ni mo ti tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, Yorùbá díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀: bàbá mi ní Ìdànrè, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ títí wọ́n fi kú, ìbúra tí mo ṣe, òdòdó inú ọgbà, Àǹtí Ìyániwúrà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ahéré. Mo ní, “Mo fẹ́ kí wọ́n wá bá mi ni. Mo fẹ́ kí wọ́n tọrọ ẹ. Kí ẹnikẹ́ni má sọ láé pé o kàn lọ fúnra ẹ.”

Fúnmi dìde nínú ẹrẹ̀. Ó kàn dì mọ́ mi. Andrew dúró sẹ́yìn ẹ̀, ojú ẹ̀ pọ́n koko. Ó ní, “I'll just run up and tell them you're safe,” ó sì wọ inú kùrukùru lọ, ó ń sáré bí òbúkọ. Mo rò pé ẹkún mi ló lé e lọ. Mi ò bá a wí. Ọkùnrin tó rí ìyá ìyàwó tó ń sunkún lórí kúlà, tí ò bá sá, kí ló ń dúró ṣe?

A palẹ̀ àwo mọ́. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbé ẹrù mi, ọkọ mi ní rárá. Ó gba òṣùká lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé orí ara ẹ̀, ó ní kí Fúnmi bá òun gbé kúlà rù. Enjinnía council! Kò mọ̀ ọ́n rù, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni tí ìjì fẹ́ gba fìlà lórí ẹ̀. Mo ní kó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní, “Máa lọ, Juliana,” kò sì ṣe yẹ̀yẹ́ kankan mọ́ títí a fi dé òkè.

Kùrukùru ti ń ká kúrò nígbà tá a dé ibẹ̀. Mo rí adágún náà. Ó dúdú, ó dákẹ́ rọ́rọ́, òkè yí i ká lọ́tùn-ún lósì. Ó lẹ́wà, mi ò ní parọ́. Ahéré náà wà létí ẹ̀, òkúta ni lóòótọ́, ó ní òrùlé, ó ní ilẹ̀kùn, èéfín ń jáde lórí ẹ̀. Òjò ti ń rọ̀ winniwinni. Ìta gbangba, nínú òjò yẹn, ni àwọn mẹ́ta dúró sí.

Cynthia ki ẹsẹ̀ bọ bùùtù láìso okùn ẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ ń yọ jáde, ife tíì wà lọ́wọ́ ẹ̀, òjò ń kán sínú ẹ̀. Bàbá Andrew ò dé fìlà, táwẹ̀lì ló wà lọ́rùn ẹ̀. Andrew bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé orúnkún, ó ṣì ń mí. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Mo ní, “Ẹ gbà mí! Ṣé ilẹ̀kùn tì mọ́ yín síta ni?”

Bàbá Andrew rìn wá bá mi, ó ń tiro díẹ̀. Ó mú ọwọ́ mi, ó fi kọ́kọ́rọ́ irin ńlá kan sí i. Ó ní, “Màmá Fúnmi,” ẹ gbọ́ o, kò pè mí ní love mọ́. Ó sọ ọ́ lédè ẹ̀ pé ilé mi ni ilé náà lónìí. Ó ní àwọn ò tíì dé, ojú ọ̀nà làwọn ṣì wà.

Mo wo èéfín. Mo ní, “Iná yẹn ńkọ́?”

“What fire?” ni Cynthia wí. Ó rọra fi ife tíì pa mọ́ sẹ́yìn.

Mo ṣí ilẹ̀kùn, èmi, ọkọ mi àti Fúnmi wọlé, mo tì í padà. Iná ń jó geere, ife méjì wà lórí tábìlì tó ṣì ń rú èéfín. Mo kó wọn pa mọ́ sábẹ́ àga, nítorí ilé mi ni, mi ò sì fẹ́ ìdọ̀tí. Mo jókòó sórí àga tó tóbi jù, mo ní kí ọkọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“Fúnmi, wọ yàrá lọ. Ìyàwó kì í jókòó síta.”

“Mummy, yàrá kan ló wà.”

“Kọjú sí ògiri.”

Ó kọjú sí ògiri. Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

“Ta ni yẹn o?”

“It's Albert. And Cynthia, and our Andrew.”

“Kí lẹ bá wá?”

Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pẹ̀lú Andrew. Bàbá Andrew wúkọ́, ó ní àwọn rí òdòdó kan.

Mo ní, “Òdòdó wo? Láti àárọ̀ lẹ ti ń dúró wo òdòdó lójú ọ̀nà. Èwo nínú wọn?”

Ọkọ mi ní, “Ìyá Fúnmi, òjò ń pa wọ́n.”

“Kó pa wọ́n díẹ̀ sí i. Inú ẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Ọmọ mi kì í ṣe ọ̀fẹ́.”

“Mummy!”

“Ìwọ, kọjú sí ògiri!”

Ìgbà tí bàbá yẹn máa sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ti yí padà. Ó ní ìyẹn tó jẹ́ tiwa. Ó ní láti ọjọ́ tí Fúnmi ti kọ́kọ́ wọ ilé àwọn ni ilé àwọn ti mọ́lẹ̀ sí i, ó ní àwọn mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ tí wọ́n jù nù, ó lẹ́ni. Ó wá sọ ọ́ ní Yorùbá, ó wọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, bí Andrew ṣe ń sọ ọ́ sí i létí: “Ẹ jọ̀ọ́. A wá tọrọ ọmọ.”

Mo gbàgbé gbogbo èébú tí mo tún ti tọ́jú sílẹ̀. Mo dìde, èmi fúnra mi ni mo ṣí ilẹ̀kùn. Mo ní, “Ẹ káàbọ̀. Ẹ wọlé, ẹ wọlé, òtútù á mú yín.”

Andrew dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín ilé, tòun ti báàgì ńlá tó gbé kọ́ ẹ̀yìn, kò sì lè dìde mọ́, ó ń yí bí ahun. Bàbá ẹ̀ rí i, ó rò pé òun náà gbọ́dọ̀ ṣe é, ó kúnlẹ̀, orúnkún ẹ̀ bá há. Èmi ni mo gbé e dìde bí mo ṣe ń gbé àwọn aláìsàn mi. Mo ní, “Ó tó, Bàbá Andrew, ẹ ti yege.” Cynthia gbé kéèkì jáde látinú báàgì, ó tọrọ àforíjì, ó ní kò pọ̀, oyin lòun fi ṣe é. Oyin! Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé oyin wà nínú ẹrù ìdána. Mo gbàdúrà lé wọn lórí, mo ní ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹní, Andrew ló ń ṣe “Àmín” kíkan jù. Mo ní kí Fúnmi yíjú padà. Mo ṣí kúlà, ìrẹsì ṣì gbóná. Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, Bàbá Andrew ń jẹ ata, imú ẹ̀ ń ṣomi, kò sì gbé síbí sílẹ̀.

Àfi ọkọ mi ni kò jẹun. Mo ní, “Dádì Fúnmi, kí ló dé?” Ó dìde. Ó fi ọwọ́ gbọn ṣòkòtò ẹ̀, ó rìn wá síwájú àga mi, ó sì nà gbalaja sílẹ̀, ó fi àyà kan ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ ní Ọ̀yọ́, orí ẹ̀ tó ti funfun wà nídìí bàtà wọ́ọ̀dù mi tó tutù. Síbí Bàbá Andrew dúró sí agbede méjì.

“Juliana, ọmọ Ìdànrè,” ni ó wí láti ilẹ̀ yẹn, “mo pẹ́ o. Mo mọ̀ pé mo pẹ́. Mo wá tọrọ.”

Bàbá mi ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ilé lọ́jọ́ yẹn, kọ́kọ́rọ́ wà lórí itan mi. Mo wá èébú tí mo máa bú u, mi ò rí ọ̀kan.

“Òdòdó wo?” ni mo bi í, ṣùgbọ́n mo ti na ọwọ́ láti gbé e dìde.